Ìràwọ̀ òkun kéékèèké kún inú táǹkì iyùn mi: kí n pa wọ́n ni àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Olómi-Iyọ̀:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Nígbà tí mo kó òkúta òkun sínú táǹkì iyùn mi, n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ ju aràn díẹ̀ lọ. Ní báyìí, bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì lóru, ìràwọ̀ òkun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ti bo ara gíláàsì. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná ìka ọwọ́ lọ. Àwọ̀ eérú ni wọ́n ní, àwọn kan funfun díẹ̀. Ọwọ́ wọn ò tiẹ̀ dọ́gba: òmíràn ní márùn-ún, òmíràn mẹ́fà, òmíràn ní mẹ́ta gígùn lápá kan, kí ti apá kejì wá kúrú bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ká ní ara gíláàsì nìkan ni wọ́n ń rìn, n kò ní da ara mi láàmú. Àmọ́ zoanthid mi, ẹbí iyùn tó ń ṣí bí òdòdó, tí a ń pè ní zoa, ti ń padé. Àwọn tó wà létí òkúta ò ṣí mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjì nínú wọn sì ti sún kì. Ní alẹ́ àná, mo bá ìràwọ̀ méjì lórí wọn, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ.

Omi mi rèé: ìwọ̀n iyọ̀ 1.025, ooru rẹ̀ 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdọ̀tí tí oúnjẹ ń dá sílẹ̀ nínú omi: nitrate 25, phosphate 0.15. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Ọmọ-Òkúta:

Kí là ń rò lórí ẹ̀? Kó gbogbo òkúta yẹn jáde, sè é nínú ìkòkò ńlá títí yóò fi hó dáadáa. Ohun alààyè kan ò ní kù lára rẹ̀. Kí o wá tún táǹkì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ti gun orí zoa, ó ń jẹ ẹ́ ni, kò sí àlàyé míràn.

Bàbá Táǹkì:

Háà! Ọmọ-Òkúta, má fi ìmọ̀ràn yìí pa ọmọ ọlọ́mọ o.

Olómi-Iyọ̀, gbọ́ mi dáadáa. Òkúta tí zoanthid tàbí Palythoa, ìbátan rẹ̀, bá wà lórí rẹ̀, omi gbígbóná ò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Oró kan wà lára púpọ̀ nínú wọn tó ń jẹ́ palytoxin. Iná kì í tètè pa á. Bí o bá ń sè é, ńṣe ni yóò bá èéfín omi gòkè, ẹni tó bá wà nínú ilé á sì fà á símú. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹnì kan se òkúta, tí gbogbo ará ilé sì dèrò ilé ìwòsàn: ibà, òtútù, ikọ́, èémí tí kò délẹ̀, iṣan tó ń ro wọ́n. Fífi búrọ́ọ̀ṣì ha zoa kúrò lára òkúta náà léwu, nítorí ó lè ta sójú. Bí o bá máa fọwọ́ kàn wọ́n rárá, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fi awò bo ojú, má sì ṣe é bí egbò bá wà lọ́wọ́ rẹ.

Oògùn tó ní bàbà nínú ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó dárúkọ rẹ̀. Yóò pa ìràwọ̀ lóòótọ́, yóò sì pa edé, ìgbín àti iyùn rẹ mọ́ wọn. Kò sí àyè fún un nínú táǹkì iyùn.

Ó yá, ká wá sórí ìràwọ̀ wọ̀nyí. Asterina la máa ń pè wọ́n láàárín ara wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aquilonastra ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀pọ̀ wọn báyìí. Ọwọ́ tí kò dọ́gba yẹn la fi ń dá wọn mọ̀. Wọn kì í dúró de akọ tàbí abo kí wọ́n tó pọ̀ sí i. Ọ̀kan á fa ara rẹ̀ ya sí méjì, ìlàjì kọ̀ọ̀kan á sì hu èyí tó kù. Ẹyọ kan tó bá òkúta wọlé ti tó láti kún táǹkì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, awọ ewé omi tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti òkúta ni wọ́n ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì níṣòro pẹ̀lú wọn.

Gbé àwòrán wá. Ya abẹ́ rẹ̀ láti ìta gíláàsì, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ò tó.

Akẹ́kọ̀ọ́-Òkun:

Bàbá ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Wo ìràwọ̀ kan tó wà lára gíláàsì láti òde, kí o fi tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Wàá rí ihò kan láàárín: ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ilà kan ti ibẹ̀ lọ sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ilà náà, wọ́n ń nà, wọ́n ń sún kì, wọ́n ń lẹ̀, wọ́n ń tú. Ìràwọ̀ òkun ò ní ọpọlọ, kò sì ní ẹ̀jẹ̀. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń gba inú ọ̀pá tín-ín-rín ara rẹ̀ kọjá, òun ló sì ń mú kí àwọn ẹsẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́.

Bó bá fẹ́ jẹun, yóò ti ikùn rẹ̀ jáde láti ẹnu. Wàá rí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun tó tẹ́ mọ́ gíláàsì. Òun ló fi ń yọ́ oúnjẹ níta kó tó fà á wọlé. Ibi tó bá ti jẹun máa ń mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ orí coralline ni, ewé òkun líle aláwọ̀ elésè àlùkò yẹn, àpá funfun roboto ni yóò fi sílẹ̀.

Nítorí náà, tí o bá bá a lórí zoa tó ti padé, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń jẹ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan míràn ló ń pa zoa, tí awọ ìdọ̀tí wá bò ó, tí ìràwọ̀ sì wá jẹ awọ náà. Ẹni tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ṣé òun ló pa á?

Ẹ̀bẹ̀ kan: bí o bá ń yọ wọ́n, má fi ọ̀bẹ gé wọn, má sì tẹ̀ wọ́n fọ́ sínú omi. Ìdajì tó bá já bọ́ lè di odindi.

Atọ́ọ̀ṣìlóru:

Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́, àmọ́ ẹ má wẹ̀ wọ́n mọ́ jù. Ní tèmi o, zoa tó ṣí gbayawu lọ́sàn-án, tí ara rẹ̀ le koko, ni ìràwọ̀ kan gùn lójú mi. Kò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo wá fi ẹ̀mú ṣí i kúrò, ikùn rẹ̀ ṣì wà níta, orí zoa náà sì ti yọ́ dà bí omi àtè. Ojú mi ló ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé irú wọn pọ̀, wọ́n sì jọra. Àwọn kan máa ń sọ pé èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù ló burú, èyí tó funfun ló dáa. N kò gbà á gbọ́. Èyí tó jẹ zoa tèmi, àwọ̀ eérú ni.

Olómi-Iyọ̀, dán an wò kí o tó dá wọn lẹ́jọ́. Wá àpótí kékeré méjì tó ní ihò lára, irú èyí tí wọ́n ń fi ya ọmọ ẹja sọ́tọ̀, so wọ́n mọ́ inú táǹkì kí omi kan náà máa gba inú wọn kọjá. Já ẹ̀ka zoa tí ara rẹ̀ le sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí òkúta kan náà. Fi ìràwọ̀ bí márùn-ún sí ọ̀kan, má fi ohunkóhun sí èkejì. Wò wọ́n láràárọ̀, wò wọ́n lóru.

Bí zoa tó wà lọ́dọ̀ ìràwọ̀ bá ń yọ́, tí èkejì ṣí, o ti mú olè. Bí méjèèjì bá padé, omi ni kó o yẹ̀ wò. Bí méjèèjì bá wá ṣí, nǹkan míràn ń bẹ lórí òkúta yẹn tí o kò tíì rí.

Ọmọ-Òkúta:

Mo ti gbọ́ ti sísè, n kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti yí ohùn padà. Ẹ wá ra edé Harlequin, ìràwọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà tún léwu?

Ìyá Edé:

Kò léwu fún ọ. Ewu rẹ̀ wà lórí edé fúnra rẹ̀.

Mo ń sin wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn ju ẹja mi lọ. Hymenocera ni orúkọ wọn, wọn kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ara wọn funfun pẹ̀lú àmì roboto ńláńlá. Tọkọtaya ni wọ́n máa ń gbé. Ẹ wá wò wọ́n nídìí oúnjẹ: ọ̀kan á fi ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ gbé etí ìràwọ̀ sókè, èkejì á tì í, títí wọ́n á fi dojú rẹ̀ dé. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ọwọ́, wọ́n á máa já ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn jẹ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àárín. Ìràwọ̀ ńlá lè wà láàyè fún ọjọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Asterina inú táǹkì yín, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọn ò jẹ oúnjẹ ẹja oníwóro, wọn ò jẹ edé dídì, wọn ò jẹ ewé omi. Ebi ni yóò pa wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n gbọ́dọ̀ múra láti máa wá ìràwọ̀ fún wọn títí ayé wọn. Àwa tí a ń sin wọ́n máa ń ra ìràwọ̀ ńlá, a ó fi í sí táǹkì ọ̀tọ̀, a ó sì máa gé ọwọ́ kan fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ò ní ikùn fún un, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Bí o bá sì ní ìràwọ̀ tí o fowó rà, Linckia tàbí èyí tó ń gbé inú yanrìn, gbàgbé edé yìí. Wọn ò mọ èyí tó jẹ́ àlejò yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ọmọ onílé. Tí o bá mọ ẹnì kan tó ń sin wọ́n, yá a, kí o dá a padà fún un nígbà tí ìràwọ̀ bá tán, tàbí kí o máa kó Asterina tí o bá yọ fún un. Èmi máa ń gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ẹja-ń-bákàn:

Ẹ má bínú pé mo gun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Tèmi yàtọ̀. Bí mo bá fún ẹja lóúnjẹ, àwọn ọwọ́ tín-ín-rín onírun máa ń yọ láti inú ihò òkúta, wọ́n á máa jù kiri nínú omi. Nínú táǹkì ìsàlẹ̀ tí fílítà wà, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ní àfikún, mo rí ọ̀kan tó ní ọwọ́ gígùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rin bíńtín ní ìdí rẹ̀. Ìbejì Asterina ni gbogbo wọn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́-Òkun:

Rárá, àwọn méjì tí o kà yìí ò bára tan tímọ́tímọ́.

Àwọn ọlọ́wọ́ tín-ín-rín, ìràwọ̀ ejò ni kí a máa pè wọ́n níbí. Àárín ara wọn dúró gedegbe bí owó ẹyọ, ọwọ́ wọn sì máa ń lọ́ bí ejò. Èyí tó bá kéré púpọ̀ lè jẹ́ Amphipholis squamata, tó máa ń tọ́jú ọmọ sínú ara rẹ̀ títí wọn yóò fi di ìràwọ̀ kékeré kó tó bí wọn. Èyí tó bá ní ọwọ́ mẹ́fà tó sì ń gbé inú kànìnkànìn òkun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ophiactis savignyi, òun náà máa ń ya sí méjì. Ajẹ̀dọ̀tí ni wọ́n, oúnjẹ tó bá wọ inú ihò tí ọwọ́ rẹ ò dé ni wọ́n ń kó. Má yọ ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọ pé kí o pa wọ́n, má dá a lóhùn.

Èyí tí o gbọ́dọ̀ sá fún nínú ìdílé wọn ni aláwọ̀ ewé ńlá, Ophiarachna incrassata. Yóò fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè bí àgọ́, ẹja kékeré á rò pé ibi ìsádi ni, á sì wọ abẹ́ rẹ̀ sùn. Ọwọ́ á wá ká mọ́ ọn. Kò wọ́pọ̀ kó bá òkúta wọlé, rírà ni wọ́n sábà máa ń rà á láìmọ̀.

Ti ọlọ́wọ́ gígùn kan yẹn, oríire ni o. Ó jọ Linckia multifora. Òun máa ń já ọwọ́ kan sílẹ̀, ọwọ́ náà á sì hu ara tuntun sí ìdí.

Bàbá Táǹkì:

Ẹja-ń-bákàn, bí o bá fẹ́ kí Linckia yẹn pẹ́, má jẹ́ kí ìwọ̀n iyọ̀ omi rẹ máa gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ara ìràwọ̀ ò lè ṣàtúnṣe fún iyọ̀ bíi ti ẹja. Ọ̀pọ̀ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń já tàbí tí ara rẹ̀ ń yọ́ lẹ́yìn tí wọ́n rà á, omi tí wọ́n dà á sí lójijì ló ṣe é. Bí o bá máa gbé e lọ sí táǹkì míràn, jẹ́ kí omi tuntun máa kán sí i tótó fún wákàtí mélòó kan. Bó bá sì kú sínú ihò, wá a jáde kíákíá kó tó ba omi jẹ́.

Olómi-Iyọ̀:

Mo ti ṣe bí Atọ́ọ̀ṣìlóru ṣe wí. Àpótí méjèèjì wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Zoa tó wà lọ́dọ̀ ìràwọ̀ ṣí lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ṣí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ìràwọ̀ ń rìn káàkiri ògiri àpótí, ọ̀kan tiẹ̀ gba àárín zoa kọjá lóru àná lójú mi. Zoa náà kàn sún kì díẹ̀, ìràwọ̀ kọjá, ó tún ṣí. Èyí tó wà lóun nìkan náà ṣí.

Àmọ́ lórí òkúta ńlá, mẹ́ta míràn ti padé. Mo fi tọ́ọ̀ṣì pupa wò ó láàárín òru, n kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìgbín kan tí mo rò pé ara àwọn tó ń nu gíláàsì ni. Karawun rẹ̀ ní ilà funfun àti dúdú tó ń yí po.

Atọ́ọ̀ṣìlóru:

Dúró ná. Ìgbín yẹn, karawun rẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́, tí ilà rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n to dúdú àti funfun tẹ̀lé ara wọn? Mú un jáde, dojú rẹ̀ dé, kí o wo ìdérí tó fi ń ti ẹnu karawun. Ti ìgbín tó ń nu gíláàsì máa ń tẹ́jú. Tí ti èyí bá yọ ṣóńṣó tó sì lọ́ bí ìṣó lílọ́, ìgbín Heliacus ni. Zoanthid gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Yóò sá pamọ́ sí ìdí wọn lọ́sàn-án, lóru ni yóò máa ti ẹnu gígùn bọ inú wọn.

Olómi-Iyọ̀:

Ó yọ ṣóńṣó! Mo ti yọ ọ́, mo tún bá èkejì tó kéré sí i ní abẹ́ ibi tí zoa ti fún mọ́ra. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ife níbí. Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin àgbà. Kí wá ni kí n ṣe sí àwọn ìràwọ̀? Wọ́n ṣì pọ̀ jù lójú mi.

Bàbá Táǹkì:

Oúnjẹ tí ò ń fún ẹja ni wọ́n fi ń pọ̀. Nitrate 25 àti phosphate 0.15 yẹn ti sọ ọ́. Dín oúnjẹ kù, fọ fílítà, jẹ́ kí pọ́ǹpù máa fẹ́ ẹ̀yìn òkúta kí ìdọ̀tí má jókòó síbẹ̀. Bí o bá ń pààrọ̀ omi, ṣe é lẹ́yìn tí iná ti kú fún bí wákàtí kan, kí o fi ẹnu rọ́bà tí o fi ń fa omi gba àwọn tó wà lára gíláàsì. Wọ́n á bá omi ìdọ̀tí lọ. Èyí tó bá kù, fi sílẹ̀ kó máa nu gíláàsì.

Ẹ̀ka iyùn tí o bá tún mú wọlé, yẹ ìdí rẹ̀ wò kí o tó rì í. Oògùn ìwẹ̀ tí a ń ki iyùn sí kì í sábà pa ìràwọ̀ wọ̀nyí, ẹ̀mú ni kí o fi ṣí wọn. Kò sì pa Heliacus náà dáadáa, torí ó máa ń ti ìdérí mọ́ ara rẹ̀.

Ìyá Edé:

Àwọn tí o bá fi rọ́bà fà, má dà wọ́n nù. Àwọn edé mi ti jẹ ti ọ̀sẹ̀ yìí tán.

Atọ́ọ̀ṣìlóru:

Ìgbín méjì kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ o. Máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí zoa yẹn wò lóru fún oṣù kan ó kéré tán. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, pàápàá ní abẹ́ òkúta kékeré tí o lẹ zoa náà mọ́.